Iná Pupa Kékeré

Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógún ni olùkọ́ wa kọ sójú pátákó,
ó ní ká kọ́ wọn sórí kí ọjọ́ Ajé tó dé:
ibùdó ìtàn, àhunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá ìtàn, ojú ìwòye,
ó ń kà á lọ bí ẹni ń ka orúkọ onígbèsè.
Mo da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé eléèpo búlúù,
mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yá kámẹ́rà Múfútáù,
mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Òkèlele,
ó di Dàda, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi.

Màmá ò tíì kí mi tán tó fi bèèrè:
"Kí lo gbé dání, tó lójú kan bí ẹja tútù?"
Mo ní fíìmù ni mo fẹ́ fi yà.
"Ta ni yóò wò ó?"
Olùkọ́.
"Hẹn-ẹn. Olùkọ́ ò rí ìkòkò rí?"

Ó da ògbólógbòó ìkòkò dojú bolẹ̀,
ó tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, ó ń gbá a pẹ̀lẹ́,
ó ń fẹ̀yìn rìn yí i ká.
Ìkòkò dúró, èèyàn ló ń yí.
Mo ṣí ìwé mi: ìrìn kámẹ́rà.
Ta ló kọ́kọ́ rìn ín? Èmi tí mò ń tẹ̀ lé e kiri,
àbí òun tó ti ń fẹ̀yìn rìn bọ̀
láti ìgbà tí wọ́n ti ń ná kọ́bọ̀?

"Ibi tó o dúró sí ò dáa." Kò gbójú sókè.
"Ẹ̀yìn mi lò ń rí. Ẹ̀yìn kọ́ ló ń mọ ìkòkò.
Bẹ̀rẹ̀. Wá wo ẹnu rẹ̀ níbí, ibi tó ti fẹ́ sán."
Mo bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ kún férémù fọ́fọ́,
omi ń sun lẹ́bàá èékánná, àti àpá iná àtijọ́ kan
tí mo ti ń rí láti kékeré, tí n kò rí rí.
Olùkọ́ pè é ní àwòrán ìsúnmọ́.
Màmá pè é ní bẹ̀rẹ̀.

Ó fi okùn tín-ín-rín gé etí amọ̀ tó yọ sóde,
ó ká a, ó jù ú padà sínú ọpọ́n omi.
"Ẹ ò dà á nù?"
"Kí ni n ó dà á nù sí? Ti ọ̀la ń bọ̀.
Ṣùgbọ́n bí n kò bá gé e, ìkòkò yìí ò lẹ́nu."
Mo fàlà sábẹ́ gígé,
mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: kó lè lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n to ìkòkò jọ, wọ́n fi koríko bò ó,
Àwáwù ará ilé kejì ṣáná sí i.
Mò ń dúpẹ́ fún ìmọ́lẹ̀ ọ̀fẹ́
nígbà tí Màmá sọ pé,
"Irú alẹ́ báyìí náà ni Jímọ̀ọ́ lọ."
Ó dákẹ́.

Jímọ̀ọ́ wo? N kò gbọ́ orúkọ yẹn rí nílé wa.
Mo sún kámẹ́rà mọ́ ọn, mo dá èémí dúró.
Ó wà nínú ìwé mi, nọ́ńbà kẹtàdínlógún, pípadà sẹ́yìn:
àwòrán a ṣú díẹ̀, orin a wọlé,
arúgbó a di ọ̀dọ́.
Orin kankan ò wọlé. Koríko ló ń ta pàràpàrà.
Arúgbó ò di ọ̀dọ́, ó kàn fi igi tún iná ṣe.

"Iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú níwájú ẹ̀rọ yẹn,
pa á."
"Màmá, ibí yìí gan-an ni..."
"Mo ní pa á. Tèmi yìí tó wa."

Mo pa á.
Ó sọ ọ́ títí iná fi lọ sílẹ̀,
títí wọ́n fi ń ki ìkòkò gbígbóná bọ omi èèpo irú,
tó ń ké ṣàà, tó ń di dúdú dídán.

Lọ́jọ́ Ajé, a wo iṣẹ́ mi ní kíláàsì.
Olùkọ́ ní, "Ó já lójijì. Obìnrin yìí fẹ́ sọ nǹkan,
àwòrán sì kú. Ìyókù dà?"
Mo wo pátákó. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélógún,
kò sí èyí tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.
Mo ní bátìrì ló tán, sà.
Ó fún mi ní méjìlá nínú ogún.